Kúkà gáàsì tó kọ̀ tí kò tàn, àti èyí tó tàn tí kò gbóná

Kí ẹ tó pe oníṣẹ́ kúkà, ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan: ṣé ojú kan ló ń yọ yín lẹ́nu, àbí gbogbo ojú? Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo, tí àwọn yòókù ń jó dáadáa, sìlíńdà yín kò ṣẹ̀, rẹ́gúlétọ̀ yín náà kò ṣẹ̀. Ọ̀ràn náà kò jìnnà sí ojú yẹn: fìlà rẹ̀ ni, tàbí àwọn ihò rẹ̀, tàbí nọ́sù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tàbí wáyà tó ń gbé ẹ̀ta iná wá bá a. Bó bá jẹ́ gbogbo ojú ló daṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò: sìlíńdà, rẹ́gúlétọ̀, họ́ọ̀sì, bátìrì tàbí iná NEPA. Rẹ́gúlétọ̀ tuntun tí àwọn èèyàn ń rà káàkiri Èkó, ojú kan tí omi ẹ̀wà dà sí ló fa òmíràn nínú wọn.

Ìbéèrè kejì: ṣé gáàsì ni kò dé, àbí ẹ̀ta iná ni kò sí? Ìṣáná ló máa dá yín lóhùn. Ẹ ṣá ìṣáná, ẹ gbé e sún mọ́ ojú náà, kí ẹ tó wá yí nọ́ọ̀bù. Ẹ má kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀bù kí ẹ tó máa wá ìṣáná kiri, torí gáàsì tó ti kó jọ síbẹ̀ lè gbá yín lójú. Bí ó bá gba iná lọ́wọ́ ìṣáná, gáàsì ń bọ̀, ètò tó ń ṣáná fún kúkà ni kò dára. Bí kò bá gbà á, gáàsì ni kò dé ibẹ̀.

Kí ẹ tó tú nǹkan kan

Bí ẹ bá wọlé tí òórùn gáàsì ti gba gbogbo ibẹ̀, iṣẹ́ àtúnṣe kọ́ ló kàn. Ẹ ti sìlíńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ kó àwọn ọmọ jáde. Ẹ má tan gílóòbù, ẹ má sì pa èyí tó ń tàn, torí ṣúìṣì máa ń ta iná díẹ̀ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, yálà a ń tàn án ni o tàbí a ń pa á. Bí ẹnì kan bá ń múra láti tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ pariwo mọ́ ọn kó fi sílẹ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló máa ń sùn sí, á máa rìn lọ sí kọ̀rọ̀, sí abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, sínú ihò gọ́tà. Nínú ilé tí kíṣíìnì gbogbo ayálégbé wà lójú kan, ó lè kúrò lábẹ́ kúkà tiyín lọ bá iná ẹlòmíràn. Ẹ bọ́ síta kí ẹ tó tẹ fóònù: 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Èkó.

Bí òórùn náà bá jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ, kí ẹ wá fi ọṣẹ wá ibi tó ti ń jò. Ẹ po ṣíbí ọṣẹ olómi kan mọ́ ààbọ̀ ife omi, ẹ jẹ́ kó hó, kí ẹ pa gbogbo nọ́ọ̀bù kúkà, kí ẹ sì ṣí sìlíńdà. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ìfófó náà sí ẹnu sìlíńdà, sí ibi tí rẹ́gúlétọ̀ ti jókòó, sí orí họ́ọ̀sì méjèèjì àti gbogbo ara rẹ̀. Ibi tí ìfófó bá ti ń wú ló ti ń jò. Bó bá jẹ́ lẹ́nu họ́ọ̀sì, ẹ fi súkúdíráfà fún kílíìpù rẹ̀ pọ̀, kí ẹ tún fi ọṣẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ lára họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ẹ jù ú nù; sẹ́lótéèpù kì í dí i. Bó bá jẹ́ nídìí rẹ́gúlétọ̀, ẹ wo rọ́bà roboto tó wà lẹ́nu fáàfù sìlíńdà: ó máa ń gbẹ, ó máa ń ya, nígbà míràn ó máa ń dúró sọ́dọ̀ ẹni tó bá yín rọ gáàsì. Ìṣáná kọ́ la fi ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò. Ó yẹ kí gbogbo èèyàn ti mọ èyí, àmọ́ wọ́n ṣì ń ṣe é.

Ẹ̀ta iná tí kò sí, tàbí tó ń lọ síbi tí kò yẹ

Oríṣi mẹ́ta ló wà, ẹ sì lè fi etí mọ̀ wọ́n. Kúkà tó ń dún “kà!” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá yí nọ́ọ̀bù ní òòlù kékeré kan nínú, tó ń lu òkúta kan láti mú iná jáde, kò nílò bátìrì, kò nílò NEPA. Ọ̀pọ̀ kúkà orí tábìlì olójú méjì ni irú èyí wà lára wọn. Èyí tó ń dún “ta-ta-ta-ta” tí kò ní wáyà tó lọ sí ara ògiri, bátìrì ló ń lò. Èyí tó ń dún bẹ́ẹ̀ tó sì ní púlọ́ọ̀gì, iná mànàmáná ló ń lò. NEPA lè mú iná lọ, àmọ́ kò lè mú gáàsì lọ: ẹ fi ìṣáná tan ojú òkè, oúnjẹ yín á jiná.

Èyí tó ń lò bátìrì ló rọrùn jù. Àpótí bátìrì sábà máa ń wà lábẹ́ kúkà, lápá iwájú, pẹ̀lú ìdérí tí a ń yí. Bátìrì kan ni, tínínrín tàbí sísanra, fóòtì 1.5. Bí ó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, ìró náà á máa falẹ̀, “ta… ta… ta”, ẹ̀ta iná rẹ̀ á sì rọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ wo bí orí àti ìdí rẹ̀ ṣe dojú kọ. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí àwọ̀ ewé tó hù sí irin inú àpótí náà, bátìrì ti jò sínú rẹ̀. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú fíníga nù ún, ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha á títí irin á fi dán, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó fi bátìrì tuntun sí i.

Tí ẹ bá yí ojú kan tí gbogbo ojú sì ń ta iná lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun tó ṣe kúkà yín. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Èyí tó máa ń tan èèyàn jẹ ni kúkà tó ń dún ṣùgbọ́n tí kò mú iná. Ẹ ti sìlíńdà pa, ẹ jẹ́ kí gáàsì tó kù lójú kúkà lọ, ẹ dúró di alẹ́ tàbí kí ẹ fa kọ́tìnnì kí kíṣíìnì ṣókùnkùn, kí ẹ wá yí nọ́ọ̀bù kí ẹ sì máa wò. Ẹ̀ta iná gbọ́dọ̀ fò láti orí abẹ́rẹ́ irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú náà lọ sára fìlà irin. Mìlímítà 3 sí 5 ni àlàfo tó yẹ kó wà láàárín wọn. Bó bá pọ̀ jù, ẹ̀ta iná kò ní lè fò ó. Bí ẹ bá rí i tó ń fò láti ẹ̀gbẹ́, tàbí tó ń tàn nísàlẹ̀ níbi tí ojú ò tó, amọ̀ funfun tó yí abẹ́rẹ́ náà ká ti sán, tàbí kí wáyà rẹ̀ ti bó. Amọ̀ tó sán kò ní àtúnṣe. Ẹ ra abẹ́rẹ́ tuntun. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí Alábà tàbí ibikíbi tí ẹ bá ti fẹ́ rà á, torí gígùn wọn àti ẹnu wáyà wọn kò dọ́gba.

Bí amọ̀ náà kò bá sán, ẹ wò ó bóyá ó dọ̀tí. Epo pupa àti ọbẹ̀ tó ti jóná mọ́ ọn máa ń di ọ̀nà fún ẹ̀ta iná. Dípò kó fò lọ sára fìlà, ara ìdọ̀tí náà ló máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ nù ún, kí ẹ fi èyí tó gbẹ nù ún tẹ̀ lé e. Ẹ má fi ọ̀bẹ ha á.

Omi ń ṣe ohun kan náà. Kúkà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ lọ́jọ́ Sátidé tó wá kọ̀ láti tàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, omi ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tú fìlà àti orí rẹ̀, ẹ dojú wọn dé, ẹ gbé fáànù kọjú sí i fún wákàtí díẹ̀. Bí ó bá ń dún ta-ta-ta fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, omi ti wọ ṣúìṣì tó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀bù. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì tàbí bátìrì, ẹ fa àwọn nọ́ọ̀bù jáde, kí ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn dé ibẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí kò bá dákẹ́ lẹ́yìn tó gbẹ, ṣúìṣì kan ti lẹ̀ mọ́ra. Lára ọ̀pọ̀ kúkà, wọ́n so gbogbo ṣúìṣì pọ̀ mọ́ wáyà kan ni, odindi rẹ̀ lẹ máa rà.

Bó bá jẹ́ ojú kan ni kò ta iná rárá tí àwọn tó kù ń ta, ọgbọ́n kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì tàbí bátìrì, ẹ ṣí òkè kúkà, kí ẹ tọ wáyà àwọn abẹ́rẹ́ náà dé àpótí kékeré tí gbogbo wọn ti ń jáde. Ẹ gba wáyà ojú tó kọṣẹ́ pààrọ̀ pẹ̀lú ti ojú tó ń ṣiṣẹ́. Bí àìsàn náà bá bá àyè wáyà lọ sí ojú kejì, ẹnu ihò yẹn lára àpótí ló ti kú, ẹ pààrọ̀ àpótí náà. Bó bá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ tàbí wáyà tirẹ̀ ló bàjẹ́. Kúkà olóòlù ò ní irú ọgbọ́n yìí: bí òòlù rẹ̀ kò bá dún “kà!” mọ́, tàbí tó ń dún láìmú iná wá, tí wáyà rẹ̀ sì dára, ẹ pààrọ̀ ẹ̀yà ara yẹn tàbí kí ẹ máa lo láítà gígùn. Láítà ò burú.

Fìlà tí kò jókòó, ihò tó dí

Nínú gbogbo ohun tó ń mú kí ojú kan ṣoṣo kọ̀, fìlà tó wọ́ ló pọ̀ jù. Ẹ fọwọ́ mú un, ẹ yí i díẹ̀ títí eyín rẹ̀ á fi bọ́ sínú àyè rẹ̀, tí kò ní mì mọ́. Ojú méjì tó tóbi bákan náà, fìlà wọn lè má bára mu. Ẹ má pààrọ̀ wọn fún ara wọn nígbà tí ẹ bá ń fọ kúkà.

Lẹ́yìn náà ni ihò. Ihò tó kọjú sí abẹ́rẹ́ ni ká kọ́kọ́ wò, torí gáàsì tó jáde níbẹ̀ ni ẹ̀ta iná máa mú. Bí ihò yẹn bá dí, gáàsì á máa tú lápá kejì, ẹ̀ta iná á máa fò lápá tìhín, tí wọn ò ní pàdé títí gáàsì fi máa kó jọ, tó wá máa gba iná lójijì pẹ̀lú ariwo “buu!”. Ẹ rẹ orí àti fìlà sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́ fún ààbọ̀ wákàtí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ tàbí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ la àwọn ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe mú wọn fẹ̀ sí i. Ẹ má lo kọ́sítíìkì: alumíníọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, kọ́sítíìkì máa ń jẹ ẹ́, á sì sọ ọ́ di dúdú.

Lẹ́bàá òkun àti ọ̀sà, láti Ìsàlẹ̀ Èkó dé Lẹ́kì, atẹ́gùn oníyọ̀ máa ń mú kí irin dípẹtà kíákíá. Ìpẹtà náà á máa bọ́ sínú ihò láti abẹ́ fìlà. Ẹ máa gbọ̀n wọ́n nù lóòrèkóòrè.

Nọ́sù ló wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀: irin aláwọ̀ ìdẹ kékeré tó ní ihò kan láàárín. Tí gáàsì kò bá dé ojú kan, tí fìlà àti ihò sì mọ́, nọ́sù ló kù. Ẹ ti sìlíńdà, ẹ fi sípánà mìlímítà 7 tú u, kí ẹ gbé e sókè kí ẹ wo ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò rẹ̀. Kẹrosíìnì àti afẹ́fẹ́ ẹnu yín máa ń tó láti là á. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ líle rọ́ ọ, ẹ lè ba ihò rẹ̀ jẹ́, torí ìdẹ rọ̀.

Iná tó ń kú bí ẹ bá ti ju nọ́ọ̀bù sílẹ̀

Kúkà tó ní ààbò máa ń ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan ń ta iná. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní tẹmọkọ́pù, ń fetí sí iná. Bí iná bá mú un gbóná, á mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde láti inú ara rẹ̀, èyí tó máa di fáàfù gáàsì mú ní ṣíṣí. Bí iná bá kú, á tutù, fáàfù á sì pa dé fúnra rẹ̀. Nítorí náà ẹ tẹ nọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 lẹ́yìn tí iná bá ti tàn. Àìní sùúrù ló ń fa púpọ̀ nínú ẹjọ́ yìí.

Bí ẹ bá dì í mú tó ìṣẹ́jú àáyá 15 tó ṣì ń kú, ẹ wò ó bóyá iná ń lá orí tẹmọkọ́pù náà. Tí ó bá ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ rọra tì í padà. Tó bá dúdú, ẹ fi sáńpépà kíkúnná ha á. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ibi tí ìdí rẹ̀ ti so mọ́ fáàfù lábẹ́ kúkà. Bí ó bá tú díẹ̀, iná mànàmáná tó ń mú wá kéré débi pé kò ní dé ibẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ dì í, kí ẹ fi sípánà fún un díẹ̀ sí i, ó tán. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ra tuntun tó gùn bákan náà. Ẹ má gbà fún oníṣẹ́ tó bá ní òun á fi wáyà so fáàfù kó máa wà ní ṣíṣí.

Ó tàn, àmọ́ kò gbóná

Ẹ gbé omi lítà kan ka ojú tó tóbi ní ìwọ̀n àárín, ẹ dé e, kí ẹ ṣí i dé òpin. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 sí 8 ló yẹ kó fi hó. Tó bá lọ sí 12 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀ràn wà níbẹ̀. Kí ẹ tó dá kúkà lẹ́bi, ẹ wò ó bóyá fáànù tàbí fèrèsé ń fẹ́ iná náà kúrò nídìí ìkòkò.

Bó bá jẹ́ gbogbo ojú ni iná rẹ̀ kéré, ẹ gbé sìlíńdà sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n kọ ìwọ̀n sìlíńdà òfìfo sí ara rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà TW. Tó bá kọ 14.5, tí òṣùwọ̀n sì ń sọ 15.7, kílò 1.2 ló kù fún yín. Tí gáàsì bá wà, ẹ wo họ́ọ̀sì bóyá kọ́bọ́ọ̀dù tàbí ẹsẹ̀ kúkà ń tẹ̀ ẹ́, bóyá ó ká níbì kan. Ẹ wo rẹ́gúlétọ̀ bóyá ó ṣí tán. Àwọn rẹ́gúlétọ̀ kan ní ẹ̀ṣọ́ tó máa ń ti ara rẹ̀ bí gáàsì bá rọ́ jáde lójijì: ẹ pa gbogbo nọ́ọ̀bù, ẹ ti rẹ́gúlétọ̀, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ rọra ṣí i padà.

Sìlíńdà kékeré tí ẹ fi ń gbé ojú ńlá méjì lẹ́ẹ̀kan náà lè máa làágùn, kí ara rẹ̀ tutù bí omi inú fírííjì. Gáàsì inú rẹ̀ máa ń tutù bó ṣe ń di afẹ́fẹ́, agbára tó fi ń jáde á sì dín kù. Ẹ pa ojú kan kó sinmi. Àwọn kan máa ń ki sìlíńdà bọ inú omi gbígbóná, àwọn míràn á dùbúlẹ̀ rẹ̀ kí gáàsì tó kù lè “ṣàn jáde”. Ó máa ṣàn lóòótọ́: gáàsì olómi ló máa wọ họ́ọ̀sì, tí iná á wá gbé orí sókè débi òrùlé.

Àwọ̀ iná ń sọ̀rọ̀. Búlúù tó dúró ṣinṣin ni a fẹ́. Àwọ̀ ọsàn tó ń ta pípọ́n-pípọ́n láàárín búlúù, eruku ni, ó sì pọ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ má da ara yín láàmú. Àmọ́ iná pupa-rẹ́súrẹ́sú tó rọ̀, tó gùn, tó ń fi èédú sí ìdí ìkòkò, kò rí afẹ́fẹ́ tó. Ní ẹnu páìpù tí nọ́sù ń fẹ́ gáàsì sí, àlàfo kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Aáyán fẹ́ràn ibẹ̀, aláǹtakùn náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gbá a. Tó bá ní irin tó ń dí i tàbí ṣí i, ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí búlúù á fi padà. Bí sìlíńdà bá ń parí lọ, iná náà lè rọ̀ kó sì pọ́n. Ìyẹn kò nílò àtúnṣe, gáàsì ló nílò.

Bí iná bá ń hu tí ó sì ń fò kúrò lórí fìlà, gáàsì ti pọ̀ jù. Rẹ́gúlétọ̀ kúkà ilé máa ń jẹ́ kí gáàsì jáde ní nǹkan bíi mìlíbáà 28 sí 30. Èyí tí àwọn alásè ń lò fún ìkòkò òde ìnáwó, tó ní ibi tí a ń yí láti fi kún agbára rẹ̀, kò yẹ lára kúkà ilé rárá. Bí iná bá sì dún “bóò” tó sá wọ inú fìlà, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kó tutù: fìlà ló wọ́, tàbí gáàsì ló kéré.

Kúkà tòkunbọ̀

Ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú òkèèrè ń fi gáàsì páìpù dáná, èyí tó fúyẹ́ ju ti inú sìlíńdà wa lọ. Nọ́sù wọn fẹ̀ jù fún tiwa. Bí wọ́n bá gbé irú kúkà bẹ́ẹ̀ dé Alábà, tí ẹ rà á, tí ẹ sì so ó mọ́ sìlíńdà, iná pupa gíga ló máa máa jó, ìkòkò á dúdú, gáàsì á tètè tán. Kò sí bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ tó máa dára. Nọ́sù ni kí ẹ pààrọ̀.

Wọ́n kọ nọ́ńbà sára nọ́sù, tó jẹ́ ìwọ̀n ihò rẹ̀: 50 túmọ̀ sí mìlímítà 0.50. Lára kúkà Yúróòpù, ojú kékeré tó ń lo gáàsì sìlíńdà sábà máa ń jẹ́ 50, ti àárín 65, ti ńlá 85. Ti gáàsì páìpù sábà máa ń jẹ́ 72, 97 àti 115. Bí ẹ bá tú u tí ẹ rí 115 lójú ńlá, ẹ ti mọ ẹjọ́. Ìwé kúkà tàbí irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló máa sọ èyí tó bá a mu gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi léèdì dí ihò náà kó wá fi abẹ́rẹ́ lu òmíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá pààrọ̀ nọ́sù, ẹ fa nọ́ọ̀bù jáde kí ẹ wá sùkúrù kékeré tó wà nínú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá rẹ̀: òun ló ń díwọ̀n iná kékeré. Fún gáàsì sìlíńdà, wọ́n sábà máa ń fún un wọlé tán. Kúkà tó máa ń kú bí ẹ bá yí i sí kékeré, sùkúrù yìí náà ni kí ẹ wò, ẹ rọra tú u ní ìwọ̀nba.

Ti Amẹ́ríkà tún ní ọ̀ràn kejì: fóòtì 120 ló ń lò. Bí ẹ bá ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ fóòtì 230 tiwa, àpótí tó ń ta iná á jó lójú ẹsẹ̀. Rẹ́gúlétọ̀ kan tún wà lẹ́yìn kúkà náà fúnra rẹ̀, tó ní ìdérí tí a gbọ́dọ̀ yí kọjú sí LP, ìyẹn gáàsì sìlíńdà.

Ófùn

Ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ìkòkò àti páànù jáde, torí púpọ̀ nínú ófùn Èkó ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá tẹ́ fọ́ìlì sí ilẹ̀ rẹ̀, ẹ ká a kúrò. Ó ń dí ihò tí ooru ń gbà gòkè. Ẹ gbé irin ilẹ̀ náà sókè kí ẹ wo páìpù oníhò tó wà lábẹ́. Ófùn tí a kò tàn fún ìgbà pípẹ́ máa ń ní ìpẹtà àti ìtẹ́ aáyán níbẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà fọ̀ ọ́. Tẹmọkọ́pù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti òkè. Òun ni ìdí tí ọ̀pọ̀ ófùn fi ń kú bí ẹ bá ti pa ilẹ̀kùn dé.

Bó bá ń jó àmọ́ tí àkàrà òyìnbó ń rọ̀ láàárín, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 15 kó gbóná kí ẹ tó gbé nǹkan sí i, kí ẹ sì ra ohun ìwọn-ooru tí a ń gbé kọ́ inú ófùn. Ẹ yí i sí 180, ẹ dúró fún ààbọ̀ wákàtí, kí ẹ kà á. Bí ó bá yàtọ̀ púpọ̀, ẹ wo ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lókè inú rẹ̀. Ti tẹmọsítáàtì, ohun tó ń díwọ̀n ooru ófùn, ni; kò gbọ́dọ̀ fara kan ògiri ófùn. Ẹ wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn náà: ẹ há ìwé pẹlẹbẹ kan sí i, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ fà á. Níbi tó bá ti yọ́ jáde láìjanpata, ooru ń jò níbẹ̀.

Ófùn Amẹ́ríkà ní irin kan tó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú kí gáàsì tó ṣí. Kò ní fáàfù tí a ń tẹ̀. Iná mànàmáná tó ń gba inú irin yẹn kọjá ló ń ṣí i. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ló yẹ kí iná tàn. Bí irin náà bá pọ́n títí tí gáàsì kò wá, ó ti gbó: ó ń pọ́n, àmọ́ iná mànàmáná tó ń fà kò tó láti ṣí fáàfù. Kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọ̀n ọ́n. Irin pẹlẹbẹ gbọ́dọ̀ máa fa áḿpù 3.2 sí 3.6, èyí tó rí roboto, 2.5 sí 3.0. Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ wo tírańsífọ́mà tó ń sọ 230 di 120 fún yín. Irin yìí nìkan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 400, kí tírańsífọ́mà náà má kéré sí wáàtì 1000. Lálẹ́, tí iná NEPA bá wálẹ̀ sí fóòtì 160, ohun tó ń jáde lódì kejì kò ní ju 85 lọ, ófùn náà kò sì ní tàn bí irin rẹ̀ bá tiẹ̀ jẹ́ tuntun. Ẹ tún un dán wò nígbà tí iná bá dára. Bí ẹ bá wá ra tuntun, ibi amọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti dì í mú nígbà tí ẹ bá ń so ó, torí ibi tó ń pọ́n yẹn máa ń tètè fọ́.